Rẹ́gè ló kó mi sí i: ìwé tí mo kà lọ́dún yìí

Ọdún ń kógbá wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ka ohun tí wọ́n rà. Èmi ò ra ilẹ̀, n ò pààrọ̀ mọ́tò. Ìwé ni mo kà, kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi ló sì kó mi sí i.

Oṣù Kejì ni mo ń palẹ̀ yàrá ẹ̀yìn mọ́ tí mo fi kan páálí kan tí rẹ́gè kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: Bob Marley, Peter Tosh, Majek Fashek. Téèpù ọ̀kan ti já rí, bàbá mi sì ti fi sẹ̀lótéèpù tín-ín-rín lẹ̀ ẹ́ pa dà. Ojú orin "War" gan-an ló ti já. Láti kékeré la ti ń kọ orin yẹn nílé wa, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tí Haile Selassie, ọba Etiópíà, bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ lóṣù Kẹwàá ọdún 1963 ni Marley gbé sórí ìlù. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kiri.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó wá Bass Culture, ìwé ìtàn rẹ́gè tí Lloyd Bradley kọ. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa mọ bí wọ́n ṣe ń to gbohùngbohùn ràgàjì síta fún ijó ní Kingston, olú ìlú Jàmáíkà, láyé 1950, tí oníkálukú ń wá orin tẹ́nìkan ò ní. Coxsone Dodd, ọ̀kan nínú wọn, ní àwo Amẹ́ríkà kan tó fi ń borí gbogbo wọn. Ó ha orúkọ tó wà lára àwo náà dànù, ó sọ ọ́ lórúkọ tiẹ̀. Ó pẹ́ kí Duke Reid tí wọ́n jọ ń figagbága tó wádìí ẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín títí. Bí ìyá alágbo ṣe ń ṣe nìyẹn, kò ní dárúkọ egbò ẹ̀ fún ọ láé.

Ọ̀rọ̀ Rastafari, ẹ̀sìn Jàmáíkà tó gbé Haile Selassie ga bí Ọlọ́run, ló gbà mí lákòókò jù. Ras Tafari lorúkọ ọba yẹn kó tó gorí ìtẹ́ ní 1930. Leonard Howell ń ta fọ́tò ẹ̀ ní ṣílè kọ̀ọ̀kan ní Jàmáíkà, ìjọba sì jù ú sẹ́wọ̀n. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé irun wọn fún màmá mi, pé ẹ̀jẹ́ Násírì inú ìwé Númérì ni wọ́n dì mú, wọ́n wò mí lókè wò mí nílẹ̀: "Ṣé o fẹ́ di Dàda lọ́jọ́ alẹ́ ni?"

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni ti Marcus Garvey, ọmọ Jàmáíkà tó jà fún aláwọ̀ dúdú, tí àwọn Rasta kà sí wòlíì. Nígbà tí Ítálì gba Etiópíà, tí ọba náà sá lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1936, Garvey pè é ní ojo nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn Rasta ò fi ẹnì kankan sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Mo ka Kebra Nagast, ìwé àwọn ará Etiópíà fúnra wọn, nípa Menelik tí ọbabìnrin Ṣébà bí fún Sólómọ́nì, àti bí Àpótí Májẹ̀mú ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó dùn. Àtibẹ̀ ni mo ti jìn sínú àwọn ìwé àdììtú ayé, inú sì bí mi. Leo Frobenius, òyìnbó Jámánì kan, dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí orí Olókun, ó ní Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn àtijọ́ tí wọ́n ní òkun gbé mì, ló ti ṣẹ́ kù. Ẹ jọ̀ọ́! Nínú Igbó Olókun yẹn náà làwọn awalẹ̀ ti rí ìkòkò tí àwọn baba wa fi ń yọ́ gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀. Tiwa gan-an ò sàn: J. Olumide Lucas kọ odidi ìwé ní 1948 pé Íjíbítì ni ẹ̀sìn Yorùbá ti wá. Mo kà á tán o, ẹ má bi mí.

Lánàá mo tún fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn sí i. Níbi tí sẹ̀lótéèpù wà, ìlà kan fò. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ọba náà látòkè délẹ̀ báyìí, mo mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ ọ́, ẹnu mi ṣì ń fò ó.