Kọ́pùrà kì í wa bàálù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ mi

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní rẹ́jímẹ́ǹtì àwọn ọmọ ogun òfurufú, àwa tí à ń ṣọ́ ibùdó àti bàálù nílẹ̀, ẹ ti mọ ìbéèrè yẹn kí n tó kọ ọ́: "Bàálù wo lò ń wa?" Kọ́pùrà ni mí, ipò kékeré ológun; àwọn ọ̀gá ológun ló ń wa bàálù. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ìbéèrè yẹn dójú tì mí níwájú àwọn àna mi.

Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé àfẹ́sọ́nà mi, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń wa bàálù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tàn án jẹ o, ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé ni. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun gba fóònù lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà mi láti wo fọ́tò mi nínú aṣọ iṣẹ́. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ilà méjì ni mo rí lápá rẹ. Ìgbà wo ni kọ́pùrà bẹ̀rẹ̀ sí í wa bàálù?"

Ilé pa lọ́lọ́. Bàbá mi, tí mo ti parọ́ kan náà fún, dorí kodò. Ọwọ́ mi wà nínú àwo ìrẹsì, mi ò lè gbé e. Mo jẹ́wọ́ pé ṣe ni mò ń ṣọ́ bàálù. Ìyá ìyàwó wá ní, "Mẹ́gàádì ni wọ́n ń pè ní sójà báyìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ẹ sọ òótọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọ́ fún bàbá yín náà. Ṣùgbọ́n èyí tó ká mi lára jù ni pé mi ò rí èsì fọ̀ nígbà tí wọ́n pè mí ní mẹ́gàádì, bẹ́ẹ̀ èsì wà. Bàálù tó wà lókè lè jà. Èyí tó wà nílẹ̀, ọmọ ọwọ́ ni. Lọ́dún 1941, àwọn ará Jámánì fi páráṣúùtì bọ́ sí erékùṣù Crete ní Gíríìsì, tí Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn alájọṣe wọn ń dáàbò bò, wọ́n gba pápá bàálù Maleme, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já sójà sí títí erékùṣù náà fi bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí Gẹ̀ẹ́sì dá rẹ́jímẹ́ǹtì sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ogun òfurufú tiwọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, 1942. Nílé wa ńkọ́? Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, 2013, àwọn Boko Haram ya wọ ibùdó ọmọ ogun òfurufú ní Maiduguri, wọ́n ba hẹlikọ́pítà jẹ́ níbi tí wọ́n gbé e sí. Nílẹ̀! Ẹni tó bá ti ṣọ́ ọgbà bàálù lóru ọyẹ́ rí, tòun ti ajá àti ìbọn, kì í ṣe mẹ́gàádì. Bí bàálù bá sì já sínú igbó, àwa náà wà lára àwọn tó ń wá awakọ̀ rẹ̀ lọ.

Àbúrò bàbá yẹn ló padà bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìgbéyàwó ṣì wà.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá mi pè mí wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí ni iṣẹ́ mi gan-an. Mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí n tún sọ ti Maiduguri.