Ìbọn Ọdẹ Tó Ń Mì: Èwo Ni Ogbó, Èwo Ni Ewu?

Púpọ̀ nínú ìbọn tí ọdẹ ń gbé káàkiri oko kòkó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti pẹ́ lọ́wọ́ ìdílé: ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, irú èyí tí a ń ṣẹ́ láàárín ká tó ki ọta sí i. Ìbọn tó bá ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa mì. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni ìgbà tó ń mì: ṣé nígbà tó ṣí ni, àbí nígbà tó ti padé?

Bí ìbọn bá ṣí, tí ọ̀pá rẹ̀ dorí kodò, pínnì tó fi ń ṣẹ́ nìkan ló dì í mú. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì nígbà náà, kò burú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Winchester 1894 tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń lò, èyí tí wọ́n ń fa irin abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ọta tó wọlé. Nígbà tí irin yẹn bá wà nílẹ̀, inú ìbọn á máa mì jẹgẹjẹgẹ; tí wọ́n bá fà á padà, á le. Èyí tó bá ṣì ń mì lẹ́yìn tó ti padé ni kí ẹ fura sí.

Láti mọ̀ ọ́n, ẹ yọ ọta, ẹ fi ojú wo inú ọ̀pá, kí ẹ sì gbé ọta lọ sí yàrá mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ igi iwájú tí ọwọ́ òsì ń dì mú. Ibẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé igi yẹn àti sìpíríìn rẹ̀ ń ti ọ̀pá mọ́ ẹ̀yìn, ìbọn tó ti jẹ á wá dà bí èyí tó le. Ẹ pa ìbọn dé láìsí igi náà, ẹ di ọrùn ìdí rẹ̀ mú ṣinṣin, kí ẹ fi ọwọ́ kejì mi ọ̀pá sókè sódò àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fi ìka lé ibi tí irin méjèèjì ti pàdé. Ìka á mọ ìrìn tí ojú kò lè rí.

Ẹ nu ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, torí iyanrìn tàbí èérí ẹ̀tù lè mú kó má padé tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí a fi ń tẹ̀wé, tó nípọn tó nǹkan bí 0.1 milimítà, ẹ fi há àárín ẹ̀yìn ọ̀pá àti irin tó dí i, kí ẹ pa ìbọn dé. Ìbọn tó dáa á gbá bébà náà mú, òmíràn kò tiẹ̀ ní padé. Bí bébà bá ń yọ́ jáde wẹ́rẹ́, ẹ má yìn ín mọ́ títí oníṣẹ́ ìbọn yóò fi wò ó.

Irin orí ọrùn ìbọn tí àtàǹpàkò ń tì kí ìbọn lè ṣí máa ń dúró sápá ọ̀tún díẹ̀ nígbà tó ṣì tuntun. Bó ti ń gbó ló ń sún sí àárín. Àárín kò burú rárá, àmọ́ bó bá ti kọjá sósì, irin tó ń ti ìbọn ti jẹ gan-an. Ẹ wo ìdí kòròfo ọta náà. Bí ojú kékeré tí irin máa ń gún bá yọ sóde, tàbí tí èéfín dúdú yí i ká, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ogbó lásán.

Ọ̀kan lára ohun tó ń yára jẹ ìbọn ni ọta tó gùn ju ilé rẹ̀ lọ, ìyẹn ibi tí ọta ń wọ̀ sí nínú ọ̀pá. Gígùn tí wọ́n kọ sára ọta jẹ́ ti kòròfo lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ ti là. Ìdí nìyẹn tí ọta 76 milimítà tí a kò tíì yìn fi ń wọ ilé 70 milimítà láìjanpata. Nígbà tó bá yìn, ẹnu rẹ̀ kò ní rí àyè là, agbára ẹ̀tù á sì pọ̀ sí i. Ẹ ka ohun tó wà lára ọ̀pá kí ẹ tó ra ọta. Gbígbá ìbọn dé gbàgà náà ń jẹ ẹ́. Ẹ rọra pa á dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù lu ìkọ́ abẹ́ ọ̀pá, èyí tó kọ́ pínnì, kó lè fún. Á fún lóòótọ́, àmọ́ irin tó lù jáde yẹn kì í pẹ́ tó fi ń jẹ padà. Pínnì tuntun tó sanra díẹ̀ ló yẹ, lọ́wọ́ ẹni tó gbàṣẹ iṣẹ́ ìbọn. Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, torí iná rẹ̀ lè yọ́ òjé tó so ọ̀pá méjèèjì ìbọn ẹlẹ́nu méjì pọ̀.

Bó bá jẹ́ igi ìdí ló ń mì, ó lè jẹ́ ọyẹ́ ló fún igi náà gbẹ. Ẹ fún bóòtù rẹ̀ níwọ̀nba, torí igi á tún wú nígbà òjò, èyí tí a fún jù á sì là.

Epo pupa kò dára fún pínnì. Á dì, á sì gba iyanrìn. Gíríìsì tó tó hóró ìrẹsì ti tó, òróró maṣíìnì ìránṣọ sì dára fún ibi tó kù, ẹ̀kán kan tàbí méjì. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́, ẹ dorí ọ̀pá kodò kí òróró má bàa ṣàn wọ igi ìdí. Igi tó bá mu òróró á rọ̀, bóòtù kò sì ní dì í mú mọ́.