Wàrà wọlé, ṣúgà jáde

Ẹ bá mi yọ̀! Ní láàbù wa ní Zaria lónìí, mo fi páǹpù kékeré ti wàrà màlúù gba inú ọ̀pá kan tí kò nípọn ju igi ìṣáná lọ. Hóró gíláàsì tí a so lactase mọ́ lára ló kún inú rẹ̀; lactase jẹ́ enzyme, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ìyípadà yá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán. Wàrà ń ṣàn kọjá, enzyme ò kúrò lójú kan, ó kàn ń gé lactose, ṣúgà inú wàrà, sí ṣúgà kéékèèké méjì: glucose àti galactose. Mo kán èyí tó jáde sórí ẹ̀rọ tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi ń wọn glucose. Nọ́ńbà fò sókè! Ohun tó dùn mọ́ mi jù: enzyme kan náà la ó tún lò lọ́la. Ilé-iṣẹ́ Tanabe Seiyaku ní Japan kúkú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ọgbọ́n yìí ṣe amino acid, èròjà tí protein fi ń di odidi, ní ọdún 1969. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìlọrin, tí lactose inú wàrà máa ń da inú wọn láàmú, ti gbé kọ́ọ̀pù dé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ti láàbù kọ́ là ń mu!