Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí gbígbé mítà iná kúrò lójú kan sí òmíì: fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn nínú iṣẹ́ wáyà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ wáyà lọ́wọ́, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù tán, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, gbogbo Adó-Èkìtì ló ń tún ilé ṣe. Ọmọ wà l'Èkó tàbí lókè òkun, ó fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n tún ilé bàbá ṣe kí Kérésì tó dé, wọ́n á ya bo iwájú ilé, wọ́n á fọ́ ògiri, wọ́n á fi yàrá kún un, wọ́n á gbé fẹ́ńsì dìde, ìgbà tí bíríkìlà bá wó nǹkan tó fẹ́ wó dé ìdajì lẹnìkan á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mítà wà lára ògiri yẹn. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa pè yín: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ mítà yìí sápá ibí yìí ná." Bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ bí ẹni pé àga lásán ni.

Mítà kì í ṣe tiwa. Kì í tún ṣe ti onílé pátápátá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé onílé ló sanwó ẹ̀. Ilé iṣẹ́ iná ló ni àṣẹ lórí ẹ̀, àwọn ni wọ́n fi síìlì sí i, àwọn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti já síìlì ọ̀hún. Níbí l'Èkìtì BEDC ni, àwọn náà ló ní Oǹdó, Ẹdó àti Dẹ́ítà. (Nẹ́pà la ṣì ń pè wọ́n o, NEPA tó ti di PHCN láti 2005, tí wọ́n tún ti tà fáwọn aládàáni ní 2013, ẹnu ò gbà láti gbàgbé ẹ̀.) Láti orí òpó títí dé ibi tí wáyà ti wọnú mítà, tiwọn ni. Láti ibi tó ti jáde nínú mítà lọ sínú DB (àpótí tí àwọn bírékà ilé wà) dé gbogbo inú ilé, tiwa nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ààlà yìí dáadáa, iṣẹ́ mítà ò lè dà á láàmú, torí iṣẹ́ wa gangan ni pé ká mú ibi tuntun tí mítà ń lọ ṣetán, tó fi jẹ́ pé tí àwọn oníná bá dé, wọn ò ní rí nǹkan kan bá wa fà á sí.

Ẹ ó rí àwọn kan tó máa sọ pé "kí lẹ̀ ń dúró dè wọ́n sí, skúrù mẹ́rin péré ni." Òótọ́ ni, skúrù ni. Ṣùgbọ́n mítà prépédì mọ ìgbà tí wọ́n bá ṣí i. Súwíìsì kékeré kan wà lábẹ́ ìdérí ibi tí wáyà ti wọlé, mítà sì ní bátìrì tiẹ̀ nínú, kódà kí iná má sí, tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí yẹn ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Òmíì á já iná ilé fúnra ẹ̀, kò ní fún wọn níná mọ́ bí wọ́n bá tiẹ̀ ní owó nínú ẹ̀, àfi kí ilé iṣẹ́ iná fún un ní tókìnì pàtàkì tó ń tú u sílẹ̀, kí wọ́n tó fún un ẹ ó dáhùn ìbéèrè. Mo mọ ilé kan lápá Bàsírì tí oníwáyà ti tú u lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé e sí ibi tuntun, iṣẹ́ náà rẹwà gan-an ni ká sọ tòótọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n wá wò ó, síìlì ò sí mọ́, báìpáàsì, ìyẹn jíjí iná láì gba inú mítà, ni wọ́n kọ sí ìyá tó ni ilé lọ́rùn, ìyá tó jẹ́ pé kò mọ̀ ju iná títàn lọ. Fífọwọ́ pa mítà lára jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa ṣàlàyé pé títún ilé ṣe lẹ̀ ń ṣe.

Torí náà kí bíríkìlà tó gbé òòlù, ẹ ní kí onílé kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ iná. Nọ́ńbà akáǹtì àti nọ́ńbà mítà kó wà nínú ẹ̀, kí wọ́n fi fótò ibi tí mítà wà àti ibi tó ń lọ tì í. Gbèsè tó bá wà lórí akáǹtì látìgbà tí wọ́n ṣì ń gba bílì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yanjú ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Owó tí ilé iṣẹ́ iná bá ní kí onílé san, akáǹtì ilé iṣẹ́ ni kó san án sí, kí wọ́n gba rìsíìtì, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá wọn ṣe é ní wéré sínú akáǹtì tòun, ẹ ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Tó bá sì di pé ọ̀rọ̀ ò yanjú lọ́dọ̀ wọn, látìgbà tí òfin iná ti 2023 ti jáde, ìpínlẹ̀ lè máa bójú tó ọ̀rọ̀ iná fúnra ẹ̀, Èkìtì wà lára àwọn tó tètè gbà á, ó sì ti ní àjọ tiẹ̀ tó ń rí sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n á gbé ẹjọ́ lọ, kì í ṣe orí rédíò ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sá sí.

Ibi tuntun wá ńkọ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ kà. Ibi tí ẹni tó dúró nílẹ̀ ti lè kà á láì gun nǹkan, tí òjò ò ní máa lù ú, tí kò sún mọ́ sílíńdà gáàsì, tí kò sí lẹ́yìn géètì tí wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn mítà lórí fẹ́ńsì, pàápàá fẹ́ńsì tí wọ́n mọ sórí ilẹ̀ tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ilẹ̀ wa níbí, òjò kan ló máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n táwọn oníná bá ní ìta ni wọ́n fẹ́ ẹ, ìta ni ẹ ó gbé e sí, kẹ́ ẹ sì fi àpótí tó ní ìbòrí bò ó. Wáyà tó ń bọ̀ láti orí òpó, ẹ má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ tààrà wọnú àpótí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọlé láti abẹ́, kí omi òjò lè máa kán dànù níbi tó tẹ̀ yẹn. Mítà mélòó ni omi ti bà jẹ́ torí wáyà tí ò tẹ̀.

Tó bá jẹ́ ilé àwọn bàbá wa ni, tí ògiri ẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, ẹ má tan ara yín jẹ, skúrù ò ní dì í mú. Ó máa dúró lónìí, tó bá di oṣù kẹta tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn gbà, ó ti ń mì. Pákó tó nípọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi bóòtù tó gba ògiri kọjá so mọ́ ọn, kí wọ́n wá gbé mítà lé orí pákó. Ẹ sì bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ kó tó fi pílásítà rẹ́ ẹ, ẹ gbé páìpù yín sínú ògiri nígbà tí ògiri ṣì wà ní búlọ́ọ̀kù, torí tẹ́ ẹ bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kun ún tán, ẹ̀yin àti ìyàwó ilé lẹ máa fa á.

Kébù. Ẹ má fi okùn wọ̀n ọ́n gba afẹ́fẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe máa rìn gan-an, igun tó máa yí, ibi tó máa sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó wá láti orí òpó, tí kò bá dé ibi tuntun, ẹ ò gbọdọ̀ so nǹkan kún un. Kí wọ́n fi odidi òmíì rọ́pò ẹ̀. Oríkèé tó bá wà kí wáyà tó wọnú mítà, ojú olè làwọn oníná fi ń wò ó, wọ́n ò sì jẹ̀bi. Yàtọ̀ síyẹn, álúmíníọ̀mù ni wáyà òpó sábà máa ń jẹ́, kọ́pà ni tiwa nínú ilé, tẹ́ ẹ bá lọ́ àwọn méjèèjì mọ́ra tẹ́ ẹ fi téèpù dì í, ọ̀rinrin á jẹ ibẹ̀, á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan wọ́n á ní iná ń ṣẹ́jú, lọ́jọ́ kejì ó ti jó. Kọ̀nẹ́kítọ̀ tí wọ́n ṣe fún álúmíníọ̀mù àti kọ́pà wà lọ́jà, ẹ rà á.

Èyí tó ń lọ láti mítà sí DB, tiwa nìyẹn, ìtìjú ẹ̀ náà tiwa ni. Ká ní mítà kúrò lára ilé lọ sí fẹ́ńsì tó jìnnà tó 30m, tí ilé ń fa áńpù 40. Kébù kọ́pà 6mm á jẹ tó fólítì 9 lójú ọ̀nà, 10mm á jẹ 5 lé díẹ̀, 16mm á jẹ bíi 3 àti ààbọ̀. Níbi tí 230 ti ń dé délẹ̀, 9 ò jọ nǹkan kan, àmọ́ ṣé ẹ rí àdúgbò tó jẹ́ pé 180 ni wọ́n ń rí lálẹ́, tẹ́ ẹ bá tún yọ 9 kúrò nínú ẹ̀, fíríìjì ò ní lè gbéra, á kàn máa kùn, onílé á ní látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé mítà ni. Òótọ́ ló sì sọ. Ẹ jẹ́ kó ra 16mm, kó ráhùn lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ táwọn oníná bá wá gbé mítà, ẹ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Kí wọ́n ti orí òpó já a. Pé Nẹ́pà ò mú iná wá láti ìjẹta ò túmọ̀ sí pé wáyà ti kú. Tọ́mọdé bá pariwo "Ọ́ọ̀p Nẹ́pà!" nígbà tí wáyà wà lọ́wọ́ yín, ìyẹn ni ìkìlọ̀ tẹ́ ẹ máa rí gbà. Jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò tí ò ní changeover (súwíìsì tó ń ya iná Nẹ́pà sọ́tọ̀ kúrò lára ti jẹ́nẹ́rétọ̀) náà lè rán iná padà sórí òpó nígbà tẹ́ ẹ rò pé gbogbo ojú pópó ló ṣókùnkùn. Nítorí náà ẹ fi tésítà kan ibi tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, ẹ fi kan wáyà tẹ́ ẹ fẹ́ dì mú, ẹ tún padà fi kan ibi àkọ́kọ́ yẹn, torí tésítà náà lè kú láàárín kó máa purọ́ fún yín pé kò síná. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ lásìkò yìí, tẹ́ ẹ bá kí i kò ní dá yín lóhùn. Tẹ́ ẹ bá ń yọ wáyà tiwa, láìfù (wáyà tí iná ń gbà wọlé) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, nútírà (èyí tí iná ń gbà padà) kẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, nútírà kọ́kọ́, láìfù kẹ́yìn. Ilé tó bá jẹ́ tíríì fésì, ìyẹn tí láìfù mẹ́ta wọ̀, ẹ fún nútírà le dáadáa kẹ́ ẹ tún padà fún un, tó bá dẹ̀, fésì kan lè gòkè kọjá fólítì 300 kó sì sun gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí ẹ̀, kò sí ẹni tó máa san án ju ẹ̀yin lọ.

Ṣùgbọ́n kí àwọn oníná tó fọwọ́ kan mítà rárá, ẹ ní kí onílé ra tókìnì kékeré kan kó tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín, kẹ́ ẹ ya fótò iye yúnìtì tó wà nínú ẹ̀. Yúnìtì ò ní lọ torí pé wọ́n já iná, inú mítà ló máa wà. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ṣe é ni àwọn ilé tó ti wà ní títì tipẹ́ torí pé àwọn ọmọ ò sí nílé. Gbogbo mítà tó ń gba tókìnì ló ní àtúnṣe kan tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún kí 24 oṣù kọkànlá 2024 tó dé, tókìnì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 20 ni wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀. Mítà tí wọn ò ṣe tiẹ̀, kò ní gba tókìnì tuntun. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ nìyẹn.

Ilé míì sì wà tó jẹ́ pé mítà gangan wà lókè òpó, èyí tó wà nínú pálọ̀ kàn jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí. Nínú irú ilé yìí, ẹ lè má nílò láti gbé mítà rárá. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ló ń yọni lẹ́nu, àwọn òṣìṣẹ́ POP á yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní kò ṣe nǹkan kan. Ojú wáyà iná ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bá mítà sọ̀rọ̀, torí náà sọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa jókòó lé, ẹ gbé e síwájú changeover, ní apá ibi tí mítà wà, lórí fésì tí mítà wà. Tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́yìn changeover, nígbà tí ilé bá wà lórí ínfátà, wọ́n á tẹ tókìnì títí ọwọ́ á fi ro wọ́n.

Ẹ́ẹ̀tì ló kù, ìyẹn wáyà àti irin tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Mítà tó bá ti kúrò lójú ẹ̀, DB sábà máa ń tẹ̀lé e, irin ẹ́ẹ̀tì àtijọ́ á wá wà lábẹ́ yàrá tuntun. Ẹ gbin òmíì. Ní Ìkéré lẹ́bàá òkè Olósùnta, àti láwọn apá kan n'Ádó níbí, irin ò ní wọlẹ̀ jìnnà kó tó kan àpáta. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi sọ́ọ̀ gé ìyókù, tí wọ́n bo orí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò gbọọrọ dípò ihò jíjìn, ẹ tẹ́ kọ́pà sínú ẹ̀, ẹ da èédú lé e, tàbí kẹ́ ẹ gbin irin méjì mẹ́ta tó jìnnà síra kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ gbẹ yìí ló yẹ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, torí ó lè dára lóṣù keje kó má dára ní ọyẹ́. Kẹ́ ẹ sì fi bírékà tó ń já tí iná tó ń jò sílẹ̀ bá ti tó 30mA sí i, pàápàá lórí àpáta.

Owó iṣẹ́ yín, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí onílé máa san fún ilé iṣẹ́ iná, ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp fún ọmọ tó wà lókè òkun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó má rò pé ẹ̀yin lẹ kó gbogbo ẹ̀. Tó bá ní ó wọ́n, pé oníwáyà kan ti ní òun á tú u ní ìdajì iye yẹn, ẹ kí i kó dáa, kẹ́ ẹ kó páìpù yín.