Wọ́n ní ọkọ̀ náà wà lójú kan fún wákàtí mẹ́wàá

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni màníjà wa pè mí sí ọ́fíìsì, ó sì na lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ páàkì sí mi. Ó ní ká tètè san £60 kó tó di £100, pé tí kò bá sí lọ́wọ́ mi, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣe mí lóore. Mo ka lẹ́tà náà lórí ìdúró. Wọ́n ní ọkọ̀ wa wọ páàkì ọgbà ìtajà kan ní Leeds ní 8:06 àárọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, pé 18:13 ìrọ̀lẹ́ ló tó jáde. Wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú méje, níbi tó jẹ́ pé wákàtí méjì péré ni ọ̀fẹ́.

Irọ́ ni. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú nílé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo yà níbẹ̀ ra mílíìkì àti búrẹ́dì fún bàbá kan tí kò lè jáde mọ́. Mi ò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Nírọ̀lẹ́ mo padà lọ gba oògùn rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ rí ìwọlé àárọ̀, ó rí ìjáde ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò rí ìjáde àárọ̀ àti ìwọlé ìrọ̀lẹ́ tó wà láàárín. Wọ́n wá so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ìparí, wọ́n pè é ní ìgbà kan ṣoṣo. Irú àṣìṣe yìí kì í ṣe tuntun rárá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún màníjà ni pé lẹ́tà yìí kò ti ọ̀dọ̀ káńsù, ìjọba ìbílẹ̀, wá. PCN (Parking Charge Notice) ni wọ́n kọ sórí eléyìí, PCN náà (Penalty Charge Notice) ni káńsù ń kọ sórí tiwọn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Owó ìtanràn lábẹ́ òfin ni ti káńsù. Ti iléeṣẹ́ aládàáni, gbèsè ni wọ́n sọ pé o jẹ wọ́n nítorí àdéhùn tó wà lára pátákó inú páàkì wọn. Ìwé iṣẹ́ mi sọ pé wọ́n lè yọ owó ìtanràn lára owó oṣù mi. Kò sọ̀rọ̀ kan nípa gbèsè aládàáni, òfin iṣẹ́ ọdún 1996 kò sì gbà kí wọ́n yọ ohun tí mi ò fọwọ́ sí. Màníjà dákẹ́. Ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ díẹ̀.

Bùọ̀dá kan tó ti ń wa ọkọ̀ iléeṣẹ́ tipẹ́ ló gbà mí. Mo ti ń kọ lẹ́tà lọ lórí fóònù, ó ní, "Àbúrò, má kọ 'mo páàkì' o." Awakọ̀ ni àdéhùn pátákó yẹn dè, kámẹ́rà kò sì mọ awakọ̀. Òfin ọdún 2012 tí wọ́n ń pè ní Protection of Freedoms Act, ní Schedule 4, ló jẹ́ kí iléeṣẹ́ páàkì lè yí gbèsè náà sí ẹni tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní England àti Wales, tí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Tí èmi fúnra mi bá kọ orúkọ mi, mo ti gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà yẹn. Òfin kò fi dandan mú wa láti dárúkọ awakọ̀ fún wọn. Ní Yorùbá, ó rọrùn láti má dárúkọ ẹnikẹ́ni: "wọ́n gbé ọkọ̀ wọlé." Mo ronú gbogbo lẹ́tà náà ní Yorùbá kí n tó kọ ọ́ lédè wọn.

Ọ̀rọ̀ líìsì, ìyẹn ìyálò ọkọ̀, wá ni ó le jù, òun náà ló gbà wá. Iléeṣẹ́ líìsì ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀. Iléeṣẹ́ wa ló yá a. Kí iléeṣẹ́ páàkì tó lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tó yá ọkọ̀, ìwé mẹ́rin gbọ́dọ̀ bá lẹ́tà wọn wá: ìwé tí iléeṣẹ́ líìsì fọwọ́ sí pé wọ́n yá ọkọ̀ náà jáde, ẹ̀dà àdéhùn ìyálò, ẹ̀dà ìwé tí ayálò ti fọwọ́ sí pé òun á ru ẹrù irú owó bẹ́ẹ̀, àti lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ líìsì. Mo lọ bá akọ̀wé wa, mo ní kó bá mi wá àpòòwé náà. Inú àpótí ìwé tó fẹ́ dànù ló ti yọ ọ́. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi yẹn ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Orúkọ iléeṣẹ́ wa la fi kọ̀wé sí iléeṣẹ́ páàkì. A fi àkọsílẹ̀ tracker, ẹ̀rọ tó ń tọpa ọkọ̀, sí i: ní 12:10 ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ wà ní Pudsey, tí kì í ṣe ibi tí páàkì náà wà. Mo fi yíǹkì dúdú bo àdírẹ́sì àwọn tí mò ń tọ́jú kí n tó ya á ní fọ́tò, nítorí ọ̀rọ̀ ilé wọn kò kan ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ̀. Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ wọn kò fẹnu ba Pudsey rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Àwọn kan ní kí n ju ọ̀rọ̀ náà nù, pé iléeṣẹ́ páàkì ò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ má gba ìmọ̀ràn yẹn. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Britain dá iléeṣẹ́ irú èyí láre lórí £85 tí wọ́n ní kí ọkùnrin kan san, nítorí ó fi ìṣẹ́jú 56 kọjá àkókò rẹ̀ ní páàkì kan ní Chelmsford. Wọ́n lè gbé ènìyàn lọ sílé ẹjọ́.

POPLA, àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí owó páàkì aládàáni, la gbé e lọ, ọjọ́ 28 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ọ̀fẹ́ ni, ìdájọ́ rẹ̀ sì de iléeṣẹ́ páàkì ṣùgbọ́n kò dè wá. (Kì í ṣe gbogbo wọn ló wà lábẹ́ POPLA, IAS, àjọ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ni ti àwọn yòókù. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ yín.) Ọ̀rọ̀ ìwé mẹ́rin la fi síwájú, tracker tẹ̀lé e. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìmeèlì fi wọlé pé iléeṣẹ́ páàkì ti fà sẹ́yìn, wọn kò ní jiyàn mọ́. Mo wà nínú ọkọ̀ níwájú ilé bàbá yẹn nígbà tí mo kà á. Mo wọlé lọ sọ fún un, ó dì mọ́ ọwọ́ mi.

Ó ku £30 tí iléeṣẹ́ líìsì gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ wa fún fífi orúkọ wa ránṣẹ́. Màníjà ní àdéhùn wọn gbà wọ́n láàyè. Mo ní kó fi ojú ìwé náà hàn mí. Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè.