Hibiscus Inú Ilé Nílò Ìmọ́lẹ̀ Ju Omi Lọ

Ní Kàbbà níbí, kò ṣòro láti rí hibiscus tí wọ́n gbìn yí ilé ká, tí ẹnikẹ́ni kì í bomi rin, síbẹ̀ tí ó ń tanná pupa. Ṣùgbọ́n bí a bá gbin igi kan náà yìí sínú ìkòkò, tí a gbé e sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, tí a sì ń bomi rin ín láràárọ̀, ó lè máa yọ ewé fún oṣù púpọ̀ láìsí òdòdó kan ṣoṣo. Ó dá mi lójú pé ebi ìmọ́lẹ̀ ni ó ń pa á, kì í ṣe òùngbẹ.

Mọ̀lẹ́bí ilá àti isápá ni hibiscus. Àgbẹ̀ tí ó bá ti gbin ilá sábẹ́ òjìji igi mọ̀ pé yóò ga, yóò tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti hibiscus wa yìí, Hibiscus rosa-sinensis, orúkọ tí onímọ̀ ewéko Carl Linnaeus fún un ní ọdún 1753. Ó ń fẹ́ oòrùn tààrà fún nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6 lójúmọ́ kí ó tó lè rúdí dáadáa. Nítorí náà, ẹsẹ̀ fèrèsé gan-an ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì ká kọ́tìnì kúrò níwájú rẹ̀. Fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà oòrùn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí oòrùn òwúrọ̀ kì í jó ewé, nígbà tí oòrùn ọ̀sán oṣù kejì àti oṣù kẹta níhìn-ín lè mú kí ìkòkò oníke gbóná débi tí gbòǹgbò yóò fi máa jìyà. Bí ẹ bá ti rí ibi tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ má ṣe máa gbé e káàkiri, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà lójijì, ìrúdí rẹ̀ a máa já bọ́ kí ó tó ṣí.

Ti omi kò le. Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Bí òkè rẹ̀ bá ti gbẹ tó oríkèé ìka kan, ẹ bomi sí i títí yóò fi máa jò láti ihò ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ sì da èyí tí ó bá dúró nínú àwo abẹ́ rẹ̀ nù. Bí ewé púpọ̀ bá ń di àwọ̀ ìyeyè lẹ́ẹ̀kan náà, tí iyẹ̀pẹ̀ sì tutù rinrin, gbòǹgbò ti fẹ́ máa jẹrà nìyẹn, ẹ dá omi dúró.

Ìgbà ọyẹ́ gan-an ni ìdánwò rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ a gbẹ, iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò a tètè gbẹ pẹ̀lú, eruku a sì bo ewé. Eruku yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán, nítorí ó ń dí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ máa fi aṣọ tútù nù ún. Bí ẹ bá ti ń nu ewé, ẹ yí i padà kí ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí àmì funfun wẹ́wẹ́ lójú ewé, tí okùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ta láàárín ewé àti ẹ̀ka, àwọn kòkòrò tín-ín-tín kan tí wọ́n jẹ́ ìbátan aláǹtakùn ni wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu. Ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ẹ̀ka náà kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń rìn lórí bébà. Irú kòkòrò kejì a máa lẹ̀ mọ́ oríkèé ẹ̀ka bí òwú. Àtúnṣe kan náà ni fún méjèèjì: ẹ gbé ìkòkò síta ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé, ẹ wá fi omi tí ẹ po ọṣẹ olómi díẹ̀ sí nù ún, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ẹyin wọn kì í bá wọn kú. Ẹ má sì jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí i tààrà lásìkò yìí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń súnmọ́, ẹ mú ọ̀bẹ mímú kí ẹ gé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kúrò, lókè ibi tí ewé ti yọ. Ó máa ń dun ènìyàn láti gé igi tí ó ti bá a la ọyẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ka tuntun ni hibiscus ti ń tanná, òdòdó kan kì í sì í sábà lò ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà iye ọ̀mùnú tí ó bá yọ ni yóò sọ bí òdòdó yóò ṣe máa rọ́pò ara wọn. Ìgbà náà ni kí ẹ fún un ní ajílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, sórí iyẹ̀pẹ̀ tí ó ti mu omi, nítorí ajílẹ̀ orí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ a máa jó gbòǹgbò. Ẹ̀ka tí ẹ gé kì í ṣe ohun ìdànù: ẹ mú èyí tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gún un sínú yanrìn tútù níbi òjìji, kí ẹ má sì gbé e lọ sójú fèrèsé àfi ìgbà tí ó bá yọ ewé tuntun.