Ìlà, èrò àti ariwo: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ mímú ọmọ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí gígùn ìlà dẹ́rù bà yín. Ohun tó ń mú kí ìlà sú ọmọ ni pé kò mọ ìgbà tó máa parí. David Maister, ọ̀mọ̀wé kan tó ṣèwádìí nípa bí ìdúró lórí ìlà ṣe ń rí lára èèyàn, ti kọ ọ́ láti ọdún 1985 pé ìdúró téèyàn ò mọ òpin rẹ̀ máa ń pẹ́ lójú ẹni ju èyí téèyàn mọ̀ lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó tò, ẹ ṣírò. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń wọ ẹ̀rọ ìṣeré tí ọmọ fẹ́ gùn: bó bá ń kó èèyàn 20 lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń gbéra ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí èèyàn 400 bá wà níwájú yín, ìṣẹ́jú 20 ni. Pátákó ẹnu ọ̀nà máa ń bù mọ́ ọn nígbà míì, kí inú èèyàn lè dùn tó bá tètè débẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí. Ìlà tí wọ́n fi pamọ́ sínú ilé ló ń dùn mí: ẹ ó rò pé ẹ ti dé, ilẹ̀kùn á ṣí, yàrá míì tún kún fọ́fọ́! Ẹ bi òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà léèrè, kí ẹ sì tò ó fún ọmọ: "Tá a bá dé abẹ́ òrùlé yẹn, a máa yà sápá òsì, a máa wọ yàrá kan tó ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ó kàn wá." Ọmọ kékeré ò mọ bí ìṣẹ́jú 20 ṣe gùn tó, àmọ́ ó mọ òrùlé. Kó sì ti tọ̀ kó tó tò o.

Ariwo ló le jù. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé ariwo tó tó dẹ́síbẹ̀lì 85 (dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 8 lọ létí òṣìṣẹ́ lóòjọ́, àti pé bí dẹ́síbẹ̀lì 3 bá ti lé e, àkókò náà á dín sí ìdajì. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣírò yẹn fún. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi ohun ìbotí sí ọmọ létí kí a tó dé ibi ariwo, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ń sunkún. Ẹ jẹ́ kó ti máa lò ó nílé kó lè mọ́ ọn lára.

Ẹkún kọ́ ni àmì àkọ́kọ́ pé ó ti sú ọmọ. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" dá yín lóhùn. Á ki ọrùn ẹ̀wù bọ ẹnu, á máa jẹ ẹ́. Á máa fara gbá ògiri rìn. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ jáde, ì báà ku èèyàn méjì níwájú yín. Àwọn ọ̀gá kan á ní kí ẹ rọ́jú. Èmi ò gbà. Ọmọ tó mọ̀ pé òun lè jáde nígbàkigbà ló máa ń lè dúró pẹ́.

Bí ọmọ bá ní autism, ìyẹn ipò ọpọlọ tó lè mú kí ariwo àti èrò tètè ni ọmọ lára, ẹ má tijú láti béèrè ìrànwọ́. Láti ọdún 2013 ni àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Disney ní Amẹ́ríkà ti ní ètò DAS (Disability Access Service), tí wọ́n fi ń dá àkókò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó padà wá, kó má bàa dúró lórí ìlà. Wọ́n ti mú kó ṣòro sí i láti rí gbà ní 2024, torí náà ẹ ti béèrè kí ọjọ́ tó pé. Sesame Place ní Pennsylvania, ọgbà ìgbafẹ́ àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí ibùdó autism, ní 2018, ní ìwé tó ń sọ bí ariwo àti iná ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó.

Ní ti èrò, ẹ débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ ya fọ́tò ọmọ nínú aṣọ ọjọ́ náà, kí nọ́ńbà fóònù yín sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Tí iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lálẹ́ bá parí, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ. Ẹ ti kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀, àbí kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà.